Ọmọ Tó Mọ Kéwú Lórí Ṣùgbọ́n Tí Kò Lè Kà Á: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mùsùlùmí Mọ̀ Nípa Dyslexia

Irú ọmọ kan wà tí kò ṣàjèjì sí àwọn àáfà wa. Bí wọ́n bá ń ka Fátíhà àti àwọn súrà kéékèèké pọ̀, ohùn rẹ̀ ló máa ń ròkè jù. Ṣùgbọ́n bí àáfà bá ṣí ìwé síwájú rẹ̀, tó fi ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ kan láàárín ojú ewé, tó ní kó ka ibẹ̀ yẹn, ọmọ náà á dákẹ́. Tàbí kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ súrà, kó máa kà á bọ̀ láti orí títí yóò fi bá ọ̀rọ̀ náà pàdé. Bákan náà ló rí nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìtàn tí tíṣà sọ lánàá, ó lè tún un sọ láìku ibì kan, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta péré nínú ìwé kíkà lè gba gbogbo àsìkò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí la máa ń sọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀? "Ó mọ̀ ọ́n, agídí ni kò jẹ́ kó kà á." "Ọ̀lẹ ni." "Olódo ni." Pàṣán á tẹ̀lé e. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wọṣọ wòlímọ̀, òun á máa wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Díẹ̀díẹ̀, yóò pa ìwé tì, ti ilé kéwú àti ti ilé ẹ̀kọ́.

A kọ àpilẹ̀kọ yìí fún àwọn òbí, àáfà àti olùkọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Oke-Ero ní ìpínlẹ̀ Kwara, láti Osi, Araromi-Opin àti Obbo-Aiyegunju dé Iloffa àti Odo-Owa, àti fún gbogbo ẹbí Mùsùlùmí Yorùbá tó ní irú ọmọ yìí nílé. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ọmọ yìí kì í ṣe olódo. Ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ ọ ni kò bá a mu. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà tó bá a mu sì wà lọ́wọ́ wa nílé, kódà kí a tó rí onímọ̀ kankan.

Kí ni dyslexia?

Dyslexia ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ìṣòro ìwé kíkà tó máa ń bá ọmọ wáyé. Kíkà ìwé kì í ṣe iṣẹ́ ojú nìkan. Ojú rí lẹ́tà, ọpọlọ á sì so lẹ́tà náà pọ̀ mọ́ ìró tí etí ti mọ̀. Lára ẹni tó ní dyslexia, ìsopọ̀ yìí ló máa ń nira. Ojú rẹ̀ lè mọ́lẹ̀ kedere, kó gbọ́ràn dáadáa, kó sì gbọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ sísọ, síbẹ̀ kí lẹ́tà àti ìró má tètè pàdé.

Bí àgbàlagbà tó mọ̀wé bá rí ọ̀rọ̀ náà "bàbá", kò ní í ronú rárá kó tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ní dyslexia á kọ́kọ́ bá b jìjàkadì, á bá a, á tún padà bá b kejì. Nígbà tí yóò fi dé ìparí ọ̀rọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti lè bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi máa ń tètè rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Rudolf Berlin, dókítà ojú kan ní Jámánì, ló sọ ọ́ ní dyslexia. Ní 1896, dókítà W. Pringle Morgan kọ̀wé nínú British Medical Journal nípa ọmọkùnrin ọdún 14 kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọpọlọ ọmọ náà pé, ó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọ, agbára káká ló fi ń ka ọ̀rọ̀ kéékèèké. Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé tó bá ṣe pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ náà ni, ọmọ yẹn ni ì bá mọ ẹ̀kọ́ jù. Ẹ fi í wé ọmọ ilé kéwú tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, ẹ ó rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láàárín ọmọ 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní dyslexia, àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fojú ìyẹn wo kíláàsì tó ní ọmọ 40, ọmọ 2 sí 4 ni. Kò mọ̀ ọ́n lára ọkùnrin tàbí obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ó máa ń rìn nínú ẹbí: bí bàbá tàbí ìyá bá jìyà lórí ìwé kíkà nígbà èwe, ó ṣeé ṣe kí ọmọ rẹ̀ kan jọ ọ́. Ẹ̀yin òbí tí wọ́n nà kúrò nílé ẹ̀kọ́ láyé ọjọ́sí, ẹ ronú sí i dáadáa kí ẹ tó na ti yín.

Ohun tí dyslexia kì í ṣe

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ tó ń fi wákàtí kan ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe ọ̀lẹ.

Kì í ṣe àìlóye. Ìmọ̀ àti ọgbọ́n yàtọ̀ sí yíyára ka lẹ́tà.

Kì í ṣe àrùn ojú. Gíláàsì dára fún ojú tí kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n kì í wo dyslexia. Gíláàsì aláwọ̀ tàbí ike aláwọ̀ tí àwọn kan ń tà fún un kò ní ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kì í ṣe àsàsí, kì í ṣe àlùjànnú, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá ọmọ. Kò sí oògùn tàbí abẹ́rẹ́ tó ń wò ó. Àdúà ni ohun ìjà onígbàgbọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọkùnrin tó bi Ànábì wa (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀ ni, tàbí kí òun tú u sílẹ̀, kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ìdáhùn tó gbà ni pé kó so ó, kó sì gbára lé Ọlọ́hun. Kíkọ́ ọmọ ní ọ̀nà tó yé e ni sísọ ràkúnmí. Owó tí à bá fi ra tírà káàkiri, ẹ jẹ́ ká fi ra ìwé àti àsìkò fún un.

Àwọn àmì tí a lè rí

Kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ọmọ náà lè pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó lè máa gbàgbé orúkọ ohun tó ń rí lójoojúmọ́, kó máa pe gbogbo rẹ̀ ní "nǹkan yẹn". Orin ọmọdé àti ègbè àlọ́ lè pẹ́ kí wọ́n tó dúró lẹ́nu rẹ̀ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ.

Láti praimari 1 sí 3, ó lè máa fi b pe d, kó máa fi n pe u. Ó lè máa fo ìlà, tàbí kó wo àwòrán kó sì sọ ohun tó rò pé wọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ kan náà lè jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta lójú ewé kan ṣoṣo. Ní ilé kéwú, ba, ta àti tha á dàrú mọ́ ọn lójú, nítorí pé ara kan náà ni wọ́n ní, tóótòò nìkan ló yà wọ́n: ọ̀kan nísàlẹ̀, méjì lókè, mẹ́ta lókè. Bẹ́ẹ̀ ni jiim, haa àti khaa.

Láti praimari 4 lọ sókè, á máa ka ìwé, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìnira. Inú á máa run ún tàbí orí á máa fọ́ ọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kàwé sókè. Á mọ ìdáhùn lẹ́nu, á sì pàdánù rẹ̀ lórí bébà. Dída ohun tó wà lójú pátákó kọ á máa pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn oṣù, ọ̀tún àti òsì, àti ìsọdipúpọ̀ tí wọ́n ń há sórí lè máa dà á láàmú.

Ẹ má ṣe yára dájọ́. Àmì kan kò tó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ sábà máa ń yí lẹ́tà padà, títí dé bí ọdún méje, láìsí ìṣòro kankan. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ojú àti etí rẹ̀ pé, pé ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ déédéé, pé ebi kò pa á lọ síbẹ̀, àti pé wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí ẹ ń bi í.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti agbègbè wa. Nínú ẹ̀ka èdè Èkìtì, "ulé" ni ilé, "uṣẹ́" ni iṣẹ́. Bí ọmọ kan bá kọ "ulé" sínú ìwé rẹ̀, dyslexia kọ́ nìyẹn. Etí rẹ̀ ló dára, ohun tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló kọ. Kí olùkọ́ yìn ín fún ìró tó mú, kó wá fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú Yorùbá inú ìwé.

Ilé kéwú lè bo ìṣòro mọ́lẹ̀, ó sì lè tú u

Àkọ́sórí ni agbára ilé kéwú wa. Ọmọ tí etí rẹ̀ mú lè há odidi ìsú kan sórí láìmọ hàràfí mẹ́wàá dájú. Nítorí náà, ìṣòro rẹ̀ lè fara pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tó bá sì hàn, gbogbo ènìyàn á rò pé ọmọ náà ń fi wọ́n ṣeré ni, torí wọ́n ti gbọ́ ọ tó ń ka ibẹ̀ rí.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ òtítọ́ ni kí àáfà kọ ohun tí ọmọ náà kò há sórí. Kó fi hàràfí kọ orúkọ ọmọ náà gan-an, orúkọ ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kò ní ìtumọ̀. Bí ọmọ bá lè ka súrà ṣùgbọ́n tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ nínú hàràfí kan náà, a ti mọ̀ pé orí ló fi ń kà á, kì í ṣe ìwé. Ìmọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ilé kéwú àtijọ́ sì ní àǹfààní kan tí ilé ẹ̀kọ́ ìgbàlódé kò ní. Wáláà ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kálukú ń ka ibi tó dé, kò sì pọn dandan kí gbogbo wọn jọ ṣí ojú ewé kan náà. Ohun tí ọmọ tó ní dyslexia ń wá gan-an nìyẹn. Ohun tó kù ni kí àáfà ṣe àtúnṣe díẹ̀:

- Kó má ṣe kọ́ ọ ní àwọn hàràfí tó jọra lọ́jọ́ kan náà. Kó kọ́ ọ ní ba títí yóò fi dúró, kó fi hàràfí tí ara rẹ̀ yàtọ̀ tẹ̀lé e, kí ta tó dé.
- Kó kọ ọ́ tóbi, kí àlàfo wà láàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀. Ó lè fi àwọ̀ pupa ṣe àwọn tóótòò, kí ojú lè tètè rí wọn.
- Kó fi hàn án bí hàràfí kan náà ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí ọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.
- Kó jẹ́ kó máa há súrà tí yóò fi kírun sórí pẹ̀lú etí. Ẹ má ṣe dá ìrun ọmọ dúró de ọjọ́ tí yóò mọ̀wé kà.
- Kó má ṣe dá a dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wòlímọ̀ bá dé, kí wọ́n jẹ́ kó ka èyí tó mọ̀, kí a sì bá a yọ̀ lórí ìyẹn.

Àwọn tí kò rí olùkọ́ nítòsí lè lo fóònù. Sheikh Mahmoud Khalil al-Husary ti ilẹ̀ Íjíbítì, tó kú ní 1980, ka Àlùkùránì sílẹ̀ ní ọ̀nà pẹ̀lẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí ọmọ máa gbọ́ ọ, kí ìka rẹ̀ sì máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé. Bí ìka kò bá sí lórí ìwé, àkọ́sórí la tún ń ṣe yẹn.

Ogún ìṣẹ́jú nílé lójoojúmọ́

Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀rọ̀ yìí tún ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Ní oṣù Kọkànlá 2025, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, Èkìtì wà lára wọn. Ọmọ tí ìwé rọ̀ lọ́rùn lè tètè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ní dyslexia lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí ilé bá ń kọ́ ọ, ohun tó mọ̀ kò ní í sọnù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí. Ẹ jọ pàtẹ́wọ́ sí orúkọ: Sà-lá-mì. "Bí a bá yọ 'sà' kúrò, kí ló kù?" "Ọ̀rọ̀ wo ló tún bẹ̀rẹ̀ bíi bàtà?" Eré lásán ló jọ, ìpìlẹ̀ ìwé kíkà sì ni. Ẹ lè ṣe é lójú ọ̀nà oko tàbí nídìí ààrò, òbí tí kò mọ̀wé náà sì lè ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìró kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ lẹ́tà rẹ̀. Èdè Yorùbá rọrùn fún èyí. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ló ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Bí ọmọ bá mọ̀ wọ́n, tó wá mọ b, ó ti ní ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan náà lè ní ìró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìyẹn sì ń dá kún ìnira. Ẹ ṣọ́ra sí i pé nínú èdè tí wọ́n ń kọ bí wọ́n ṣe ń pè é bíi tiwa, ọmọ tó ní dyslexia lè má ṣi ọ̀rọ̀ pè púpọ̀. Lílọ́ra rẹ̀ ló máa ń fi í hàn.

Ní oṣù Kọkànlá 2025 kan náà, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí a má fi Yorùbá kọ́ ọmọ wa nílé. Fún ọmọ yìí, èdè tó ti wà létí rẹ̀ ni àkàbà tó máa fi gun òkè.

Ẹ jẹ́ kí ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ jọ ṣiṣẹ́. Ẹ da iyanrìn sínú àwo pẹrẹsẹ. Kí ọmọ fi ìka kọ lẹ́tà náà gàdàgbà, kó máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Kó pa á rẹ́, kó tún un kọ. Irú ọ̀nà yìí ni Samuel Orton àti Anna Gillingham gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, òun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ọmọ tó ní dyslexia ṣì ń lò títí dòní.

Kò jìnnà sí ohun tí àwọn baba wa mọ̀. Osi ni ìlú Areogun, gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn, tó kú ní 1954. Bandele ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́ Lamidi Fakeye níṣẹ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì, Mùsùlùmí ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí ayé wá mọ̀ nídìí igi gbígbẹ́. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ní dyslexia. Ohun tí a ń sọ ni pé wọn kì í ka iṣẹ́ náà nínú ìwé. Ọ̀gá á gbẹ́ ẹ, ọmọ á wò ó. Ọmọ á gbẹ́ ẹ, ọ̀gá á tún un ṣe, kò sì sẹ́ni tó ń pe ọmọ náà ní olódo nítorí pé ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ máa padà sí ti àná kí ẹ tó kọ́ ti òní. Bí ẹ bá ń kàwé, ẹ fi rúlà sábẹ́ ìlà tí ẹ ń kà. Ẹ jọ kà á, ohùn yín àti ohùn rẹ̀. Bí ó bá ta kókó, ẹ ka ọ̀rọ̀ náà fún un, ẹ máa lọ. Ẹ dá iṣẹ́ dúró kó tó rẹ̀ ẹ́, ẹ sì fi ohun tó mọ̀ dájú parí rẹ̀, kó lè fẹ́ padà wá lọ́la.

Ohun tí a lè bẹ olùkọ́ fún

Láti 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara ti bẹ̀rẹ̀ KwaraLEARN, níbi tí olùkọ́ ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó ń lọ létòlétò dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó ní dyslexia nílò kí ẹnì kan dúró dè é díẹ̀. Olùkọ́ tó ní ọmọ púpọ̀ níwájú lè má ráyè púpọ̀, nítorí náà ohun kéékèèké ni kí a bẹ̀ ẹ́ fún:

- Kó gbé ọmọ náà jókòó níwájú, nítòsí pátákó.
- Kó má ṣe pè é lójijì láti kàwé sókè. Bó bá fẹ́ kó kà á, kó fi ibẹ̀ hàn án lánàá.
- Kó fún un ní àsìkò sí i, tàbí kó dín iye ìbéèrè kù fún un.
- Kó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu nígbà mìíràn.
- Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tàbí ìmọ̀ ẹ̀sìn, kó fún un ní máàkì lórí ohun tó mọ̀, kó má gba gbogbo rẹ̀ nítorí sípẹ́lì.
- Kí ọmọ mìíràn yá a ní nóòtì, dípò kó máa sunkún nídìí pátákó nígbà tí àwọn yòókù ń ṣeré.

Ẹ má lọ bá olùkọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ẹ mú ìwé ọmọ dání, ẹ fi ohun tí ẹ rí hàn án, ẹ sì bi í ní ohun tí òun náà rí. Ẹ jẹ́ kí àáfà àti tíṣà mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì ló ń rò pé ọ̀dọ̀ àwọn nìkan ni ọmọ náà kì í ti í ṣe dáadáa.

Àyẹ̀wò àti ẹ̀tọ́ ọmọ

Òbí tàbí olùkọ́ lè fura, ṣùgbọ́n onímọ̀ ló lè sọ ọ́ dájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín fún àyẹ̀wò ojú àti etí. Lẹ́yìn náà, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àkànṣe tàbí nípa ìrònú ọmọ ni ẹ ó lọ bá. Kwara State University ní Malete ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe. Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ ọmọ tó ní ìṣòro ẹ̀kọ́. Dyslexia Foundation Nigeria náà ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ àwọn àmì tí ẹ rí sílẹ̀ àti ọdún tí ẹ rí wọn, ẹ sì kó ìwé àtijọ́ ọmọ dání.

Láti Iloffa gba Omu-Aran dé Ìlọrin gba owó àti ọjọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de àyẹ̀wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ lókè yìí kò lè pa ọmọ kankan lára. Bí ó bá jẹ́ dyslexia, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́ lákòókò. Bí kì í bá ṣe òun, ọmọ yín ti mọ̀wé sí i.

Òfin náà wà lẹ́yìn yín. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún ọmọ gbogbo. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn tó ní ìpèníjà léèwọ̀. Òfin yẹn fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìdènà. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ lé ọmọ nítorí pé kò lè kàwé kíákíá, ẹ rán an létí. Bí ìdánwò àṣekágbá bá sì ń bọ̀, ẹ tètè bi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣáájú, nípa ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n lè béèrè fún ọmọ náà. Àyẹ̀wò tí onímọ̀ kọ sílẹ̀ ló máa wúlò níbẹ̀.

Ohun tí ẹ̀sìn wa ti sọ ṣáájú

Hádíìsì kan wà tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), tó yẹ kí gbogbo àáfà máa kà sí etí irú ọmọ yìí. Ànábì wa fi yé wa pé ẹni tó já fáfá nínú Àlùkùránì yóò wà pẹ̀lú àwọn màláíkà ọlọ́lá. Ẹni tó sì ń kà á tó ń kọsẹ̀, tó ń nira fún un, láádá méjì ló ní. Bí Ọlọ́hun bá ń san láádá méjì fún ọmọ kan lórí ojú ewé tó fi ìnira kà, kí ló wá fún wa láṣẹ láti san án ní pàṣán?

Ànábì Musa (kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá a) bẹ Ọlọ́hun pé kó tú kókó ahọ́n òun, kó sì fi Harun arákùnrin òun ṣe olùrànlọ́wọ́ fún òun. Ọlọ́hun kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kókó ahọ́n. Ó fún un ní olùrànlọ́wọ́. Ohun tí ọmọ tó ní dyslexia ń wá lọ́dọ̀ wa kò ju ìyẹn lọ: kí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àáfà tàbí tíṣà kan jẹ́ Harun rẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ ká rántí Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí gbogbo Mùsùlùmí mọ̀, tó bẹ Nàìjíríà wò ní 1964. Ìwé kíkà nira fún un púpọ̀ láti kékeré, dyslexia ni wọ́n sì pè é. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Louisville ní 1960, ipò 376 ló wà nínú 391. Bí ẹnikẹ́ni bá wo ìwé èsì yẹn nìkan, kò bá ti sọ pé ọmọ yẹn ti tán. Kó tó kú ní 2016, gbogbo ayé ló mọ ohùn rẹ̀.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín ìdí tí kò fi mọ̀wé kà, ẹ jókòó tì í. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú iyanrìn, kó fi ìka tọ̀ ọ́, kó pe ìró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogún ìṣẹ́jú péré. Lọ́la, ẹ tún un ṣe. Kí Ọlọ́hun ṣí ọkàn àwọn ọmọ wa sí ìmọ̀, kó sì fún àwa tí à ń kọ́ wọn ní sùúrù. Àmín.